Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Ní Ojú Vilimaina

Ènìyàn mẹ́fà ló wà níwájú Laisani lórí ìlà ní ọ́fíìsì bọ́ọ̀sì, ó sì ń gbàdúrà kí wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí ìlà sún síwájú, àyà rẹ̀ á já. Kíláàsì kẹfà ni ìwé rẹ̀ mọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fi gíláàsì dí ojú ẹni tó jókòó, tí wọ́n wá lu ihò róbótó sí i kí ènìyàn máa gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà á. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá ti gba inú ihò yẹn kọjá kò ṣeé kó padà mọ́.

Kò sì sí ẹni tó lè rán. Ìjì tó jà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, òun àti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Vilimaina, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Nítorí ọmọ náà ni Laisani ṣe wà lórí ìlà.

Vilimaina ló gba ipò kejì nínú ìdánwò ní gbogbo agbègbè wọn, ilé ìwé girama ńlá tó wà ní Vaileka sì mú un. Kò tíì sí ọmọ Navesi, abúlé wọn, tó wọ ilé ìwé náà rí. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé ọdún tuntun ti wọlé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà tí Laisani ní kí ọmọ kà fún òun lẹ́ẹ̀mẹta: ní táàmù kìíní, ọmọ tuntun tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àyè rẹ̀ yóò di ti ẹni tó tẹ̀lé e lórí ìwé. Láti Navesi dé Vaileka, kìlómítà mọ́kànlá ni. Ìjọba ní tirẹ̀ ń san owó ọkọ̀ fún ọmọ tó bá lọ sí ilé ìwé tó sún mọ́ ilé rẹ̀. Ti Vaileka kò sún mọ́. Tìyá tọmọ ni yóò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

"Màmá, ẹ sún mọ́bí. Kí lẹ fẹ́?"

Ó ti kàn án. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ, ọmọ Íńdíà tó ń gbé Vaileka, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i láyà: Roshni.

"Tíkẹ́ẹ̀tì," ni Laisani wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò wá ra ẹja. Ti ta ni? Dé ibo?"

"Ọmọ mi. Ilé ìwé. Navesi."

Roshni rí i pé obìnrin náà kò gbé ojú kúrò lára pákó, ló bá rọra ń sọ̀rọ̀. "Oríṣi mẹ́ta la ní. Ọmọ lè máa san dọ́là kan àtààbọ̀ nígbàkígbà tó bá wọkọ̀. Ìyẹn ló wọ́n jù. Èkejì nìyí, káàdì ológójì. Ogójì ìrìn ló wà nínú ẹ̀, dọ́là mẹ́rìndínláàádọ́ta. Tó bá wọlé, á fi kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yọ ìrìn kan. Tó bá tán, ẹ ra òmíràn. Ẹ̀kẹta ni tíkẹ́ẹ̀tì táàmù. Àádọ́jọ dọ́là, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa san án. Orúkọ ọmọ àti àwòrán ojú ẹ̀ á wà lára ẹ̀."

"Èwo ló dínwó jù?"

"Káàdì ológójì ni. Tẹ́ ẹ bá ra mẹ́ta, ó ti gbé e dé òpin táàmù, ẹ sì fi dọ́là méjìlá jèrè. Ọjọ́ tí òjò bá bo afárá, tí ọmọ ò lè lọ, nǹkan kan ò sọnù. Ti táàmù ní tiẹ̀, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o, owó ti wọlé."

Owó akàn tí Laisani fi oṣù kan mú nínú ẹrẹ̀ etí òkun, tó sì tà, ni ó wà nínú aṣọ tó so mọ́ ìbàdí. Ó tú u. Ó ra káàdì ológójì. Nígbà tó jáde síta, oòrùn ń mú, ṣùgbọ́n ó dúró díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ti bá gíláàsì sọ̀rọ̀. Gíláàsì sì ti dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe ń padà sí Navesi, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí kò pa ẹnu dé nínú bọ́ọ̀sì. "Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ní," ó ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. "Mo bi wọ́n, mo ní èwo ló dínwó jù. Bí mo ṣe wí nìyẹn. Wọ́n sì sọ fún mi." Vilimaina, tó ti ń dúró dè é ní ibùdókọ̀, jókòó tì í, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà ní Navesi tí a kì í fi ẹnu dá lóhùn, ọwọ́ ni a fi ń dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà ni kerekere. Bí ará ilé rẹ bá yọjú, tó ní, "Kerekere, iyọ̀," wàá gbé iyọ̀ fún un. Bó bá ní, "Kerekere, àdá," wàá fà á yọ lára ògiri. Kì í ṣe yíyá, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní agbe. Lọ́la, ìwọ náà lè wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá ní "rárá" sí kerekere, wọn kò ní bá a jà. Wọn á kàn máa wò ó. Ó sàn kí wọ́n bá ènìyàn jà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Vilimaina bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí àkùkọ tó kọ.

"Ibo lò ń lọ ní ìdájí báyìí?"

"Nau, àwa kan ń kàwé kí wọ́n tó lu agogo." Nau ló ń pe ìyá rẹ̀.

Ojú ni Laisani ní, kò ní ẹnu. Ó ń wò. Ó rí i pé gìgísẹ̀ bàtà ọmọ náà ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rí eruku pupa tó gùn ún dé orúnkún, bẹ́ẹ̀ eruku kì í gun ènìyàn dé orúnkún nínú bọ́ọ̀sì. Ní ìrọ̀lẹ́, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ń ta sánsán búrẹ́dì. Laisani fi imú kan aṣọ náà níbi tó sá a sí. Búrẹ́dì ni lóòótọ́. Ó fẹ́ béèrè. Ẹ̀rù ohun tí yóò gbọ́ bà á, ó tún fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àti ọjọ́ kejì ìyẹn.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé kan fún un.

"Kà á fún mi."

"Nau, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé..."

"Kà á, mo wí."

Vilimaina kà á. Ọmọ yín ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Laisani gbé ẹ̀gẹ́ tó ń bó sílẹ̀. "Káàdì dà?"

"Ó wà nínú báàgì."

"Mélòó ló kù nínú ẹ̀?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Kò sí."

"Kò sí kẹ̀? Ogójì! Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ keje."

"Ọjọ́ méje lo fi jẹ ogójì ìrìn? Ṣé bọ́ọ̀sì lò ń wọ̀ lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ni?"

"Nei Kelera ní kerekere," ni Vilimaina wí. Nei ni wọ́n ń pe arábìnrin bàbá ẹni. Kelera sì ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ibi. "Wọ́n ń lọ ta ẹ̀fọ́, mo fi káàdì kan ẹ̀rọ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àti Litia ọmọ wọn tó gbàgbé káàdì tiẹ̀ sílé. Lẹ́yìn náà Taitusi, bàbá arúgbó yẹn, ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Lẹ́yìn náà àwọn akọrin..."

"Akọrin wo?"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń lọ kọrin ní Vaileka. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Àti olórí wọn."

Laisani bo ẹnu. Ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

"O wá ń fẹsẹ̀ rìn."

"Ní àárọ̀ nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ búrẹ́dì bàbá Litia máa ń gbé mi bọ̀."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́jọ. Ọjọ́ tí òjò rọ̀, tí ọ̀nà yọ̀, ni mo pẹ́. Èkejì, okùn bàtà mi ló já."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Vilimaina ká ìwé náà sí méjì. "Ẹ ti sọ fún gbogbo bọ́ọ̀sì pé ẹ bá gíláàsì sọ̀rọ̀," ó wí. "Inú yín dùn gan-an, Nau. N ò fẹ́ kí ó bàjẹ́."

Ó yẹ kí Laisani bínú. Ó wá ìbínú kiri nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ohun tó rí ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó dá rìn kìlómítà mọ́kànlá ní ìdájí fún ọjọ́ mẹ́jọ, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló pẹ́. Ó yí ojú sí ògiri kí ọmọ má baà rí bí orí rẹ̀ ṣe ń wú. Ta ni yóò wo ojú Nei, tí yóò ní rárá? Òun tó bí i gan-an kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ń bó o, ó ń rò. Ìrònú rẹ̀ kò yá. Ó máa ń mú ọ̀kan, á gbé e sílẹ̀, á tún un mú. Ìṣirò ọmọbìnrin inú gíláàsì yẹn pé. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò ka àwọn akọrin mọ́ ọn ni. Tí òun bá tún lọ ra ológójì, tí Kelera tún ní kerekere ńkọ́? Bí òun fún ọmọ ní owó ẹyọ lójoojúmọ́, owó ẹyọ ṣeé tọrọ ju káàdì lọ. Kí wá ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi kerekere gbà lọ́wọ́ ènìyàn? Ìkòkò kọ́. Aṣọ kọ́, Litia ń wọ bùláòsì Vilimaina lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ nítorí èéfín, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró níbẹ̀.

Ojú ni. Ojú ẹni.

"Vili," ó pe ọmọ rẹ̀. "Èyí tó ní àwòrán yẹn, àádọ́jọ ni wọ́n pè é, àbí?"

"Àádọ́jọ ni, Nau. Ó ti wọ́n jù."

Dọ́là mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà nílé.

Láti ọjọ́ tí ó ti di opó, Laisani kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fún wọn. Òun kì í béèrè. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀, òun kò ní mọ ibi tí òun yóò ti dúró, wọn á wá máa pe òun ní ìyá alágbe. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ilé Kelera lọ.

"Haà! Ìyàwó wa!" Kelera ń po kòkó lẹ́yìnkùlé. "Ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Nei."

"Ìwọ, nílé mi, lówùúrọ̀ yìí, pẹ̀lú aṣọ ìsìn, o ní ẹnikẹ́ni ò kú! Jókòó. Mu kòkó."

Laisani jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan ń jókòó sí. Kelera rí i. Ó gbé ṣíbí dúró.

"Nei," ni Laisani wí. Ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé. "Nei, kerekere."

"Kí lo wí?"

"Kerekere. Ẹní yẹn."

Ẹní tuntun ló wà lórí àjà ilé Kelera, èyí tó fi oṣù mẹ́ta hun, tó fi òwú pupa àti àwọ̀ ewé ṣe létí yíká. Gbogbo abúlé ló mọ̀ ọ́n. Ìgbéyàwó ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ń hun ún dè.

Kelera wo òkè, ó wo Laisani, ó pàtẹ́wọ́. "Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń retí kí o béèrè, ó kéré tán, ìṣáná lọ́wọ́ mi. Mo ti ń rò pé ìyàwó àbúrò mi kórìíra mi ni. O ò béèrè iyọ̀, o ò béèrè abẹ́rẹ́, orí ẹní ìgbéyàwó lo ti bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ̀rù ń bà mí, Nei. Bó bá jẹ́ iyọ̀, ẹ̀rù náà kò ní dín. Mo ní kí n kúkú bẹ̀rù nítorí nǹkan ńlá."

Kelera bú sẹ́rìn-ín, kòkó ń ta dànù. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ tà á. Káàdì Vilimaina ti tán."

Ẹ̀rín náà dúró. "Èwo ló tán? Káàdì bọ́ọ̀sì yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀, Nei."

"Ìjọba kọ́ ló ń kún un ni? Bíi ti Litia?" Kelera gbé ìkòkò kúrò lórí iná. "Ti Litia kì í tán. Mo rò pé bí tiyín náà ṣe rí nìyẹn. Laisani! Owó rẹ ni mo ń gùn lọ sọ́jà?"

Laisani ń wo èékánná rẹ̀.

"Ọmọ yẹn ò sì sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin ni Nei ẹ̀."

"Báwo ló ṣe wá ń dé ilé ìwé?"

"Ó ń rìn. Bó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á lé e."

Kelera gun orí àpótí, ó fa ẹní náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ká a, ó fi okùn dì í. Ó ń mí gúlegúle. "Ọmọ àbúrò mi," ó ń sọ fún ẹní náà. "Ọmọ àbúrò mi ń fẹsẹ̀ rìn, èmi ń na ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì."

"Ìgbéyàwó náà ńkọ́, Nei?"

"Wọ́n á jókòó sórí ti àtijọ́. Ìdí wọn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Pe Vilimaina, ká tètè dé ọjà. O ò mọ ọjà tà, ẹnu rẹ ò tó."

Òótọ́ ló sọ. Ní ọjà Vaileka, obìnrin àjèjì kan fọwọ́ pa ẹní náà, ó ní ọgọ́rin dọ́là. Laisani ti fẹ́ gbà. Kelera tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Ọgọ́rin?" ó wí. "Òwú etí ẹ̀ nìkan nìyẹn. Ẹ gba etí, kí n máa gbé àárín ẹ̀ lọ." Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, ó di ọgọ́fà. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ́fíìsì ọkọ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, nítorí ọjọ́ Sátidé ni.

Kelera ti ń na ẹsẹ̀ síwájú ìlà. "Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Mo máa bá wọn sọ ọ́."

"Rárá, Nei," ni Laisani wí.

Òun gan-an gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Kelera náà gbọ́ ọ. Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó lọ fara ti ògiri.

"Màmá, ẹ ti padà dé," ni Roshni wí. "Ológójì mìíràn?"

"Rárá. Olójú."

"Olójú wo?"

"Èyí tó ní ojú ọmọ."

"Ti táàmù nìyẹn. Ó wọ́n jù o, Màmá. Mo ṣírò ẹ̀ fún yín lọ́jọ́sí."

Laisani mọ̀ pé àwọn tó wà lẹ́yìn òun ń gbọ́. Ó gbá pákó mú. "Ìṣirò yín pé, ọmọ mi. Kò lábùkù. Abúlé wa lẹ ò mọ̀." Ó dúró. Ó mí. "Ológójì, ọmọ mi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrìnlá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ wọ̀ ọ́. Bàbá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ̀ ọ́. Akọrin mẹ́sàn-án wọ̀ ọ́."

"Akọrin!"

"Àti olórí wọn."

Roshni fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbé ojú sókè, omi ti wà nínú rẹ̀. "Màmá, nílé tiwa náà, bàbá mi ra kẹ̀kẹ́. Ọdún kan gbáko, àwọn àbúrò wọn ló ń gùn ún. Ẹsẹ̀ ni bàbá mi fi ń lọ síbi iṣẹ́."

"Ṣé ojú bàbá yín wà lára ẹ̀?"

"Kò sí."

"Ẹ ò rí i. Tí mo bá ra èyí tó dínwó, mo máa rà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Èyí tó wọ́n yìí, ẹnikẹ́ni ò lè tọrọ ẹ̀. Ọmọ mi ò ní sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló dínwó jù."

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn, tí ọmọkùnrin méjì dì mọ́ ọn ní ṣòkòtò, na ọrùn. "Màdáàmù, ẹ fún èmi náà ní olójú. Méjì." Ó yí sí Laisani. "Ìyá, ẹ ṣeun. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pọ̀."

Wọ́n ní kí Vilimaina dúró síwájú aṣọ funfun kan. "Rẹ́rìn-ín," ni Roshni wí.

"Má rẹ́rìn-ín púpọ̀," ni Laisani wí. "Fojú le díẹ̀. Kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ ni."

Nígbà tí ẹ̀rọ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó ṣì gbóná. Vilimaina, orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn tirẹ̀, Navesi, Vaileka. Ojú ọmọ náà le, ṣùgbọ́n igun ẹnu rẹ̀ kan kò gbọ́ràn. Kelera gbà á, ó gbé e sókè sí oòrùn. "Ojú àbúrò mi gan-an nìyí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì kéré fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, Laisani bá ọmọ rẹ̀ dúró de bọ́ọ̀sì. Owó oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló fi san owó ọkọ̀ tirẹ̀. Kò lè dúró sílé. Munsami, awakọ̀, ti ń gba ọ̀nà yìí fún ogún ọdún, ó mọ orúkọ ajá wọn pàápàá. Àwọn ará Navesi dúró rẹrẹ: Kelera àti agbọ̀n ẹ̀fọ́ rẹ̀, Litia, àti bàbá Taitusi tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀.

Bàbá Taitusi ló kọ́kọ́ sún mọ́ Vilimaina. "Ọmọ dáadáa," ó ní. "Ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Kerekere."

Ọmọ náà kò sọ pé rárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà fún un. Bàbá náà sún un sún mọ́ ojú, ó sún un jìnnà. Ó gbé e fún Munsami.

Munsami wo àwòrán, ó wo bàbá. "Bàbá, ẹ ti kéré sí i o. Irùngbọ̀n yín dà?"

Gbogbo bọ́ọ̀sì hó. Bàbá Taitusi náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó sì ń wá owó ẹyọ nínú àpò rẹ̀. Kelera ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ń jẹ́ kí owó máa já lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo awakọ̀, kọ̀ǹgọ̀ kọ̀ǹgọ̀, kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́. "Temi nìyẹn. Ti Litia wà nínú káàdì ìjọba. Ti bàbá Taitusi nìyí, ẹ dá owó yín padà sápò, bàbá, ẹ gbé ọ̀pá yín, ẹ lọ jókòó." Ó kọjú sí àwọn tó jókòó. "Ẹ̀yin èèyàn! Ẹ rí tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ wa? Ẹní mi ló rà á! Oṣù mẹ́ta ni mo fi hun ojú yẹn!"

"Ẹ jókòó, Kelera, ká lọ," ni Munsami wí.

"Má sáré jù. Ṣùgbọ́n má falẹ̀ náà. Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ pẹ́."

Bọ́ọ̀sì gbéra. Laisani jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo aago tó wà lókè orí awakọ̀. Àwọn màlúù kan dúró sójú ọ̀nà. Ó di ọwọ́ mọ́ àga. Munsami fun fèrè, wọ́n kúrò. Ní afárá, wọ́n dúró de ọkọ̀ tó ń ti òdìkejì bọ̀. Ó di ọwọ́ mọ́ àga. Ààbọ̀ wákàtí ṣì kù kí wọ́n lu agogo nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ìwé, Laisani sì rí i pé èémí tí òun ti dì mú kì í ṣe ti àárọ̀ yìí nìkan.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró sí òdìkejì ọ̀nà, kò rékọjá. Olùkọ́ kan wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó rí ọmọ rẹ̀ tó kí i. Ó rí bí ọkùnrin náà ṣe wo aago, tó fa gègé sí ìwé, tó sì ní nǹkan kan tó jẹ́ kí Vilimaina rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wọlé. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó ní àkókò.

Obìnrin kan tó ń ta rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ti Íńdíà, létí ọ̀nà gbé ojú sí Laisani. "Ìyá, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti dúró síbẹ̀. Ta lẹ ń wò?"

Laisani kò mọ obìnrin náà rí. Ó yí sí i, ó na ìka jáde, kedere, kí ó lè rí i dáadáa.

"Èyí tí irun ẹ̀ ga yẹn," ó wí. "Ọmọ mi ni. Navesi ló ti wá. Kò pẹ́."